ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀWỌN ÒPÓ ÌWỌ̀N TÍ WỌ́N HÚ LẸ́BÀÁ KÁNÁÀLÌ ÀTIJỌ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àtúnṣe kánáàlì àtijọ́, ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ lè gbà á.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Àwa ìjòyè ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀, ayàwòrán ilẹ̀ àti agbẹ́kùúta la fi ìtẹríba kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ ò lè ṣàìmọ̀ wá. Nígbà tí igbó bo ojú omi, tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kúkú dí kòtò náà pa, ẹgbẹ́ yìí ló tọ ipa rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó wọ̀n ọ́n, tó yà á, tó gbé e síwájú yín. Àwòrán tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lu owó iṣẹ́, ọwọ́ wa ló ti jáde. A lè fi gbogbo ẹnu sọ pé lẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ìbá rí kánáàlì tí yóò tún ṣe. A ò sọ èyí láti gbéra ga. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n tàbùkù.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dìde nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe tí ẹ gbé iṣẹ́ fún kó katapílà wọ ẹ̀gbẹ́ yàrá omi kejì, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń dí omi kí ọkọ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó débẹ̀, wọ́n ti hú gbogbo òpó ìwọ̀n tí a rì mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ afárá, wọ́n sì ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tí wọ́n ń kó dànù. Wọ́n ti wó ògiri òkúta apá òsì yàrá omi náà. Wọ́n to òkúta rẹ̀ jọ gègèrè bí igi ìdáná, láìkọ nọ́ńbà sára ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí a bèèrè, ọ̀gá wọn dá wa lóhùn pé àwọn ti ní fọ́tò tí dróònù yà, pé ẹni tó bá ti ní fọ́tò, kí ló tún fẹ́ fi òpó ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láàyè kí a ṣàlàyé, torí ó hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún ọkùnrin náà. Ara òpó yẹn ni gbogbo ìwọ̀n wa so mọ́. Ẹni tó wọn ògiri lónìí, tó sì fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan bóyá ó ti yẹ̀, ìdí òpó kan náà ni yóò padà dúró sí. Fọ́tò dróònù pàápàá, àfi kí a fi àmì tí a ti wọn ibi tó wà nílẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí èyí, yóò dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga ilẹ̀ inú rẹ̀ lè fi ju mítà kan lọ yàtọ̀ sí bó ṣe rí. Kánáàlì ò gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín yàrá omi kan sí èkejì, ojú omi ní láti tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí bèbè kan bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ relẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni omi yóò gbà wọlé onílé.

Dróònù kò sì rí abẹ́ omi, kò rí abẹ́ igi, kò rí amọ̀ tí àwọn tó gbẹ́ kánáàlì fi omi pò, tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ní ìpele-ìpele kí omi má baà jò lọ. Eyín katapílà ti wọ inú amọ̀ yẹn. A fojú ara wa rí i: ó ti ya kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, ó ń gbẹ, ó sì ti ń sán. Amọ̀ tó bá ti sán kò ní di omi mú mọ́.

Ti òkúta ló dùn wá jù. Lára èyí tí wọ́n wó ni òkúta igun tí ilẹ̀kùn omi fi ń yí, èyí tí agbẹ́kùúta ayé ọjọ́un gbẹ́ ojú rẹ̀ wọnú kí òpó ilẹ̀kùn lè jókòó síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fi òmíràn dípò rẹ̀ láìní ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn yẹn yóò máa jò títí. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí okùn tí ẹṣin fi ń fa ọkọ̀ ti gé etí rẹ̀ wọlé. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́, yóò gbà á. Àmì tí agbẹ́kùúta ń fín sára iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò sanwó fún, òmíràn máa ń fara pamọ́ sínú ògiri. Irú èyí, ọjọ́ tí wọ́n bá tú ògiri nìkan lèèyàn lè rí i kó sì yà á. Wọ́n ti tú u, wọn ò sì pe ayàwòrán kankan.

Òfin pé kí a yà á sílẹ̀ lórí ìwé kí a tó tú u, kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ìwé Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, tí àwọn tó ń tún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe káàkiri ayé ń tọ́ka sí, sọ ní ìpín 9 pé ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí àtúnṣe dúró. Ìpín 16 ní kí gbogbo ìpele iṣẹ́ wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àti fọ́tò, kí a sì kó o pa mọ́ síbi tí àwọn olùwádìí yóò ti rí i kà. Òfin pa Huddersfield Narrow Canal ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì ní 1944, wọ́n dí apá kan rẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e lórí, síbẹ̀ wọ́n ṣí i padà ní 2001. Canal du Midi ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n gbẹ́ láàárín 1666 sí 1681, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 1996. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, kò sẹ́ni tó máa ń rìnrìn àjò wá wo kọnkéré tuntun.

Nítorí náà, a fi orí balẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ pàṣẹ kí katapílà dúró lónìí, kí wọ́n fi tapólì tútù bo amọ̀ náà kí ó tó gbẹ tán, kí òkúta kankan má sì kúrò níbi tó wà títí a ó fi kọ nọ́ńbà sára wọn, tí a ó sì yà wọ́n. Kí agbaṣẹ́ṣe san owó tí a ó fi tún òpó rì, kí ó má sì fọwọ́ kan ògiri mìíràn bí awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ wa kò bá sí níbẹ̀. Ti owó oṣù tó kọjá tí a ò tíì rí, ti káàdì ìwọlé, ti yàrá tí òjò ti ń jò sórí ìwé wa, a ó mú wọn wá nígbà mìíràn.

Ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kò dùn rárá. Wọ́n ní kí a kó gbogbo ìwé ìwọ̀n wa kúrò ní ọ́fíìsì iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì buwọ́ lu àwòrán kankan mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí iṣẹ́ yóò dúró sí bí ìbuwọ́lùwé wa kò bá sí. Àwa àgbà la ń pàrọwà fún wọn, a ní ẹ̀yin yóò gbọ́ tiwa. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò pàdé, a ó sì fẹ́ ka èsì yín sí wọn létí.

Àwa ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́