Lẹ́tà sí Káyọ̀dé lórí fídíò Màmá

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Èkó.

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì gbà á ládùúrà pé òtútù Kánádà kò ní rí yín gbé ṣe. Àlàáfíà ni a wà níbí. Ṣadé ti bí ọkùnrin, onílé sì tún ti fi kún owó ilé. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè dúró di ìgbà tí a óò tún sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni fídíò Màmá, ti ọjọ́ tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń ki oríkì ilé wa, tí wọ́n sì ń fi ìka lu apá àga bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ahọ́n wọn ti wúwo, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó mọ oríkì náà délẹ̀.

Èyí tí Dàpọ̀ fi iPhone rẹ̀ ká ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu: ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi yí orúkọ fáìlì náà láti .mov sí .mp4, kò sì yí nǹkan kan padà, nítorí àpótí lásán tí wọ́n ń kó àwòrán àti ohùn sí ni méjèèjì. Inú codec, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi fún àwòrán inú rẹ̀ pọ̀, ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fi VLC, ètò mìíràn tó ń fi fídíò hàn, ṣí i, mo tẹ Ctrl àti J, mo sì rí i pé HEVC ni, èyí tó jáde ní 2013, tí ètò tó ń fi fídíò hàn lórí kọ̀ǹpútà wa kò ní ohun tí yóò fi tú u. VLC gbé codec tirẹ̀ dání, ìdí nìyẹn tí kò fi dí i lọ́wọ́. Mo fi HandBrake, ètò tó ń yí fídíò láti codec kan sí òmíràn, yí i sí H.264, tó ti wà láti 2003, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo báyìí. Àmọ́ Dàpọ̀ pẹ́ dé. Ìparí oríkì nìkan ló ká.

Kámẹ́rà rẹ ló ká gbogbo rẹ̀, kí bátìrì tó kú. Fáìlì náà lé ní gígábáìtì mẹ́ta, nítorí náà àwòrán àti ohùn wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ VLC pàápàá kò rí i ṣí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Computer Village ní Ìkẹjà gba owó, ó wò ó fìrí, ó ní kí n gbàgbé rẹ̀. Inú bí mi gidigidi, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe ń ká a lọ ló ń kọ àwòrán àti ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí èèyàn bá dá a dúró ló tó ń kọ atọ́ka tí wọ́n ń pè ní moov, èyí tó ń tọ́ka sí ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà àti codec tí wọ́n lò. Bátìrì ti kú kí ó tó kọ ọ́.

Ètò kan tó ń jẹ́ untrunc lè tún moov náà kọ, bí a bá fún un ní fídíò tó pé, tí kámẹ́rà kan náà ká, kí ó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ ni kámẹ́rà wà, Káyọ̀dé. Mo bẹ̀ ọ́, bí fídíò àtijọ́ kan bá ṣì wà nínú káàdì rẹ̀, fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí, ká ìṣẹ́jú bíi méjì, ìbáà jẹ́ ti yìnyín ẹnu ọ̀nà yín, má sì ṣe fọwọ́ kan ìwọ̀n àwòrán tàbí iye àwòrán tó ń ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Má ṣe fi ránṣẹ́ bí fídíò lórí WhatsApp, nítorí yóò tún un fún pọ̀, kò sì ní wúlò fún wa mọ́. Google Drive ni kí o gbé e sí. Mo ti da fáìlì tó bàjẹ́ náà kọ síbòmíràn, ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni n óò fi ṣiṣẹ́.

Bí ó bá lè tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ìpàdé ẹbí oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé, inú mi yóò dùn, torí àbúrò Màmá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fẹ́mi