"Assess" ni, kì í ṣe "access"

Àkúrẹ́.

Adébọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Oǹdó? Mo ti ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́. Ó dára, àmọ́ má tíì fún ọ̀gá ilé ìwé. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "I access my pupils every Friday." "Assess" lo fẹ́ kọ. "Access" ni ọ̀nà àtidé ibi nǹkan: ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti wọ yàrá ìkàwé ló ní "access to the library".

Ẹnu wa máa ń pe méjèèjì bákan náà, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi ohùn yà wọ́n: "access" lọ sókè níwájú, ák-sẹ̀s, "assess" lọ sókè lẹ́yìn, à-sẹ́s. Lẹ́tà s mẹ́rin ló wà nínú "assess", méjì ṣáájú "e", méjì tẹ̀lé e. Bí o bá gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn, ó di "asses", ìyẹn àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì ní fa ìlà pupa sí i nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni.

Ìtumọ̀ "assess" ló jẹ mí lógún jù. Láti inú èdè Látìn ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí kí ènìyàn jókòó ti ẹlòmíràn, bí olùrànlọ́wọ́ adájọ́ ṣe ń jókòó tì í. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ń sọ ti bíbu iye owó-orí tí ènìyàn máa san. Wo àwọn tó ń yẹ kòkó wò ní ìpínlẹ̀ wa. Wọn kì í dúró lókèèrè wo àpò. Wọ́n á mú 300 kóró, wọ́n á la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ, àti èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú nítorí kò pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń bò ó kó lè kan. Bí èyí tó bu bá ju mẹ́sàn-án lọ, kòkó yẹn kì í ṣe Grade 1, ìyẹn ìpele tó dára jù, mọ́. Lílà àti kíkà yẹn ni "assess". Orúkọ tí wọ́n wá fún un lẹ́yìn náà ni "grade". Nítorí náà, bí o bá kọ pé o "assess" ọmọ kan, ẹni tó ń kà á á fẹ́ mọ ohun tí o fi wọ̀n ọ́n.

Má fi "on" tàbí "for" sáàárín òun àti ẹni tí o ń wọ̀n: "assess the pupils" ti tó.

Ti "evaluate" ńkọ́? Wo lẹ́sìn nóòtì rẹ, ìwé tí olùkọ́ fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, níbi tí ẹ ti máa ń kọ pé, "The teacher evaluates the lesson by asking the following questions." Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wo bóyá ó yọrí sí rere. Àwọn ọmọ ni ò ń "assess".

Kọ ọ́ báyìí: "I assess my pupils every Friday with ten short questions and record their marks." Bí kò bá jẹ́ ìbéèrè mẹ́wàá, fi iye tó jẹ́ gan-an síbẹ̀. Tún un tẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Màmá rẹ