Iṣẹ́ ò tán, ó kàn ṣí lọ ni

Youngstown, Ohio

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní wọ́n ń sọ ní gáréèjì pé mọ́tò oníná ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò níbí, ọkàn rẹ ò sì balẹ̀ nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kọ́ mẹkáníìkì. Òótọ́ wà ńbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ìlú Lordstown ò jìnnà sí wa. Láti 1966 ni General Motors (GM), ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, ti ń ṣe mọ́tò níbẹ̀, títí di oṣù kẹta 2019 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ká má purọ́ mọ́ mọ́tò oníná, òun kọ́ ló fà á. Jíìpù làwọn ará ibí ń rà, wọn ò ra Cruze kékeré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gba ìpínlẹ̀ mìíràn lọ, wọ́n fi ìdílé sílẹ̀ síbí, kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má baà bọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni GM àti LG kọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì, Ultium Cells, sí tòsí ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Dọ́là 16.50 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan nígbà náà, nígbà tí ògbólógbòó òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ GM fúnra rẹ̀ ń gbà ju 30 lọ. Kí ló dé? Lórí ìwé, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW ò tíì dé ibẹ̀ nígbà náà. Ọgbọ́n àgbọ́nkọjá ni mo pe ìyẹn! Nígbà tí wọ́n dìbò bóyá kí àwọn wọ ẹgbẹ́ ní oṣù kejìlá 2022, ẹni 710 ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni 16 péré ló kọ̀. Nígbà tí UAW yanṣẹ́ lódì ní 2023, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bátìrì wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún, GM sì gbà kí àdéhùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó wọn ti gbéra.

Ẹni tó yẹ ká káàánú ni ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì àti gíá. Mọ́tò oníná ò ní písítìnì, kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní sàlẹ́ńsà. Ká ní kó lọ máa po kẹ́míkà bátìrì dà bí ká ní kí alágbẹ̀dẹ máa se ọṣẹ.

Ẹni tó tilẹ̀ ṣí lọ síbi bátìrì ò tíì sinmi. Ìjọba fagi lé dọ́là 7,500 tí wọ́n fi ń ran ẹni tó bá ra mọ́tò oníná lọ́wọ́, ó parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2025. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó pé, GM ti kéde pé ẹni 550 máa lọ jókòó sílé ní Ultium níbí.

Ní ti ọmọ yẹn, kó má sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tòkunbọ̀ elépo ṣì máa wọ Nàìjíríà fún ọdún gbọọrọ. Àmọ́ kó máa yà sọ́dọ̀ rìwáyà lọ́jọ́ Sátidé, kó mọ bí wọ́n ṣe ń tọpa iná. Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, màá bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àjàdí