Ìrù Ni Kí Ayàwòrán Bàálù Onírọ́bà Kọ́kọ́ Wọ̀n

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa kíìtì, ìyẹn àkójọ ẹ̀yà tí èèyàn máa ń tò pọ̀ fúnra rẹ̀, fún bàálù ìṣeré onígi balsa (igi tó fúyẹ́ gan-an) tí rọ́bà tí a lọ́ ń gbé fò. Òótọ́ ni pé lésà, ìtànṣán tí wọ́n fi ń gé igi, ti jẹ́ kí igi gígé rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ìwúwo ìrù ló ń pinnu bóyá bàálù yóò fò, ẹ kò sì mẹ́nu kàn án rárá.

Ká sọ pé ìrù fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sẹ́yìn ibi tí bàálù ti máa ń dọ́gba lórí ìka, tí imú fi 5 jìnnà síwájú rẹ̀. Gíráàmù 1 tó bá lé ní ìrù yóò gba gíráàmù 3 amọ̀ ní imú kí bàálù tó dọ́gba. Ó di 4, lára bàálù tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33, tí kò yẹ kó wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ láìsí rọ́bà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni.

Inú igi ni ẹ̀bi náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé pẹlẹbẹ balsa tó nípọn mílímítà 1.5, tó fẹ̀ ní 75, tó gùn ní 900, sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó bá wọ̀n bíi gíráàmù 10 ni ti ìrù. Èyí tó bá tó 20, ọ̀pá gígùn inú apá ló yẹ, torí ó le. Ojú lásán kì í sì í fi gbogbo ìgbà mọ̀ wọ́n yàtọ̀! Nítorí náà, ayàwòrán tó bá to ẹ̀yà ìrù àti ọ̀pá apá pọ̀ sórí pẹlẹbẹ kan náà ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú góòmù.

Bàálù gidi ní awakọ̀ tó ń tún un ṣe lófuurufú. Èyí kò ní. Ẹ jẹ́ kí ìrù tó nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti bàálù gidi lọ, kí ẹ sì gbé ṣóńṣó apá méjèèjì sókè díẹ̀. Ìrísí kò ní bàjẹ́.

Rọ́bà gùn tó ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì àyè tó wà láàárín ìkọ́ iwájú àti igi ẹ̀yìn tó dì í mú. Bí a kò bá lọ́ ọ pọ̀ bí okùn, yóò dẹ̀, yóò kó jọ sẹ́yìn, imú á sì gbéra sókè. Ẹ má ṣe fi igi ẹ̀yìn yẹn sí ìdí ìrù pátápátá. Ihò àárín ara náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 20, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kókó rọ́bà yóò máa gbá egungun ara, yóò sì fọ́ ọ.

Imú gbọ́dọ̀ ṣeé yọ. Kí ayàwòrán yà á sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó tẹ̀ sísàlẹ̀ ní dígírì 2 sí 3, kó sì yà sọ́tùn-ún ní 2, nítorí abẹ̀bẹ̀ tó bá ń yí sọ́tùn-ún, bí a bá wò ó láti ẹ̀yìn, máa ń fẹ́ dojú ara bàálù sósì. Lésà náà máa ń jẹ igi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó gé: ihò ọ̀pá mílímítà 1.5 tí a kò bá dín kù nínú àwòrán yóò fẹ̀ jù, góòmù ni wọn yóò sì fi dí i. Góòmù wúwo.

Ní ti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo egungun bàálù, bí wọ́n bá wọ́n omi sí i lára ìrù, kí wọ́n fi pínnì dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kó má baà lọ́.

Olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún ń ṣàyẹ̀wò kíìtì, ẹ bá wa tẹ ìwúwo ìrù, apá àti ara jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní gíráàmù.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán kíìtì