Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Òkìtì Òkúta Ìwakùsà Àtijọ́ Ṣègbé

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ibi ìwakùsà kéékèèké tí iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Bí àwọn oníròyìn bá ń kọ nípa ìwakùsà, iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n wà jáde àti iye owó tó wọlé ni wọ́n sábà máa ń kà. Bí iṣẹ́ bá sì ti dáwọ́ dúró, wọ́n á ní ibẹ̀ ti di ahoro. N kò fara mọ́ èyí rárá, Långban tó wà ní ẹkùn Värmland ní orílẹ̀-èdè Swídìn ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń wa òkúta irin ní Långban, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ nínú ìléru tó wà nítòsí. Máńgánísì, irú mẹ́táàlì mìíràn, dara pọ̀ mọ́ ọn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ sì parí ní ọdún 1972. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibẹ̀ sí ibi tí wọ́n bí John Ericsson sí ní ọdún 1803, ẹni tó ṣètò ọkọ̀ ojú omi ogun Monitor fún Amẹ́ríkà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ló tọ́ sí òkìkí jù lọ: oríṣi ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ti rí níbẹ̀ ju 250 lọ, ó sì lé ní 60 nínú wọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ dá wọn mọ̀ ní gbogbo ayé.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dáyé ló fà á. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.9 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ibẹ̀, àwọn òkè ayọnáyèéfín sì ń bú gbàmù lágbègbè náà. Omi gbígbóná tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá kó irin àti máńgánísì mọ́ra, ó sì tú wọn sí ìsàlẹ̀ òkun. Irin máa ń tètè gba ọ́síjìn sára, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ silẹ̀. Máńgánísì máa ń pẹ́ nínú omi kí ó tó silẹ̀ ní tirẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìpele àwọn méjèèjì fi sún mọ́ra láìdà pọ̀. Nígbà tó yá, ooru abẹ́ ilẹ̀ àti ìwúwo ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di òkúta mìíràn, òjé àti ásẹ́níìkì tó jẹ́ májèlé sì wọ inú àwọn ibi tó sán, títí kan òjé pọ́ńbélé tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun.

Ẹni tó bá mú òkúta dúdú mẹ́ta láti ibẹ̀ lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí ó fi wọ́n ha ẹ̀yìn àwo tánganran tí kò dán: hẹ́máítì tó ní irin á fi ilà pupa bí ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, háúsúmánáìtì tó ní máńgánísì á fi ilà àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, ilà mágínétáìtì tí òun náà ní irin á dúdú, òun nìkan ni òòfà á sì fà mọ́ra pinpin.

Ohun tí kò wúlò fún ìléru ni àwọn awakùsà ń dà sórí òkìtì, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tó ṣọ̀wọ́n wà. Àwọn tó ṣa òkúta pa mọ́, tí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i sí i lára, ló jẹ́ kí ìmọ̀ yìí wà títí di òní. Lẹ́yìn ọdún 2010 pàápàá, wọ́n ṣì fún ohun àlùmọ́nì tuntun kan láti ibẹ̀ ní orúkọ, ìyẹn långbanshyttanite.

Nítorí náà, ó máa ń dùn mí wọnú eegun bí wọ́n bá fọ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé òjé àti ásẹ́níìkì lè ba omi jẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìlera ará ìlú ṣeré. Bí ó bá di dandan kí wọ́n bo òkìtì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n mú nínú òkúta ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ orírun ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kó o lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo bẹ ẹ̀yin náà pé, nígbàkígbà tí ẹ bá ń ròyìn ibi ìwakùsà tó kógbá wọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkìtì náà ṣe àti ẹni tí òkúta rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkàwé yín