Ẹ ka rọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ilé tó ń wó lulẹ̀, mo sì rí i pé sìmẹ́ńtì ni gbogbo ènìyàn ń bú, pé àwọn bíríkìlà ń jí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń da yanrìn pọ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bẹ́ńdà lèmi, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ rọ́ọ̀dù nílùú Ìbàdàn yìí, rọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tá a ń ki sínú kọnkéré, lohun tó ń dẹ́rù bà mí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá màmá kan tó ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ra tọ́ọ̀nù kan rọ́ọ̀dù 12mm. Bí wọ́n ṣe já a sílẹ̀ làwọn ọmọ iṣẹ́ mi kà á, ó jẹ́ lẹ́ńtì 120, ìyẹn ọ̀pá 120. Inú màmá dùn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ní oníṣọ́ọ̀bù yẹn mà láàánú o, ó fi èènì sí i, pé 94 péré ni wọ́n kà fún àbúrò àwọn níbòmíì. Àyà mi já. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, 94 yẹn gan-an ló pé." Torí lẹ́ńtì 12mm kan tó gùn ní mítà 12, ó yẹ kó tó nǹkan bíi kílò 10.7, ẹ fi pín kílò 1,000 wò, 94 lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá wá di 120, a jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju kílò 8 àti díẹ̀ lọ. Mo mú kálípà tá a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó jáde níwájú wọn, mo wọn mẹ́ta mẹ́rin, kò séyìí tó kọjá 10.6mm. Irin ò lé rárá, tọ́ọ̀nù kan ni tọ́ọ̀nù kan, wọ́n kàn fà á tín-ín-rín ni.

Ẹlòmíì á ní tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ti pé, kí ló wá kù. Ohun tó kù ni pé iye rọ́ọ̀dù ni ẹnjiníà ń kọ sínú pílánù, kì í kọ kílò. Tó bá ní mẹ́rin ló máa wà nínú pílà kan, mẹ́rin la máa dì síbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù onílé á fi ṣe fẹ́ńsì tàbí kó tà á. 12 àti 10.6 jọ ara wọn lójú, àmọ́ agbára irin, ojú ibi tí ẹ bá gé e sí ló wà, tí ẹ bá sì ṣírò ojú yẹn, ó ti dín ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Rọ́ọ̀dù mẹ́rin tẹ́ ẹ rò pé ẹ ní nínú pílà kan, ẹ ò ní ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Kọnkéré dà bí ọmọ tó lè ru ẹrù dáadáa àmọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ fà lápá. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní mì, tẹ́ ẹ bá fà á, kíá ló ń já, agbára tó ní tí wọ́n bá ń fà á kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ní tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí tá a fi ń ki irin sínú ẹ̀ nìyẹn. Bíìmù tí ẹrù wà lórí ẹ̀, inú ẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń fà, torí náà ìsàlẹ̀ ni irin tó pọ̀ ń wà, ṣùgbọ́n bákónì tó yọ síta, òkè ẹ̀ ló ń fà, òkè ni kí irin wà. Mo ti bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà lórí èyí débi tí ohùn mi fi há.

Èyí tó tún burú ni rọ́ọ̀dù tó gan. Ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀dù wa, irin àlòkù ni wọ́n yọ́ ṣe é, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, fíríìjì, gbogbo ohun tí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń kó kiri. Kò sóhun tó burú nínú yíyọ́ ọ, ilé iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ á dán an wò kó tó tà á. Àwọn tí kò dán an wò ni mò ń sọ. Mo tẹ ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì, kò tíì yí dé ìdajì tó fi dún pàá, ó kán sí méjì, mo gbé ojú ibi tó ti kán wò, ó ń dán wínníwínní bí iyọ̀. Rọ́ọ̀dù tó dáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ fà, kọnkéré á sán, ẹ ó rí i lára ògiri, àwọn ará ilé á ráyè sá jáde. Èyí tó gan yìí ò ní kìlọ̀ fẹ́nì kankan.

Ti màmá yẹn, ẹnjiníà ní ká fi mẹ́fà síbi tó yẹ kí mẹ́rin wà, gbogbo 120 yẹn tán, wọ́n tún ní láti ra sí i. Èènì ọ̀hún ló wọ́n jù.

Ẹ jọ̀ọ́ Olóòtú, ẹ bá mi tẹ ìwọ̀n yìí jáde gàdàgbà kí àwọn tó ń kọ́lé lè gé e mọ́wọ́: lẹ́ńtì mítà 12 kan, 10mm, kílò 7.4; 12mm, kílò 10.7, 16mm, kílò 19. Tí wọn ò bá ráyè gbé odindi sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n gé mítà kan péré lára 12mm, kí wọ́n gbé e tọ aláta tàbí alẹ́ran tó ní ìwọ̀n kílò, ó yẹ kó tó bíi gíráàmù 890.

Èmi ni,
Bẹ́ńdà kan láti Ìbàdàn