Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, má tíì fi owó ẹja ránṣẹ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ẹtì, lálẹ́.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òtútù Manchester ò ti mú ọ jù? Gbogbo wa wà láyọ̀ níbí. Onílé ti fi kún owó ilé, àbúrò mi obìnrin ti bí ọkùnrin, ìyá àtọmọ ń ṣe dáadáa. Ìròyìn ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja ni kò lè dúró.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí Ìbùkún mi, ọmọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé fóònù sí mi létí kí n tó ro àmàlà tán. "Mọ́mì Manchester ní àwọn máa ra ogún ẹja fún mi tí mo bá pé ọdún mẹ́sàn-án!" Ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ gbogbo ohun tójú wa rí fún ọ nígbà náà, nítorí o ń múra ìdánwò, mi ò sì fẹ́ kó ìdààmú bá ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá ni bàbá Ìbùkún ra táǹkì ẹja yẹn. O mọ bí ilé ṣe rí nígbà náà, ọmọ ò tilẹ̀ fẹ́ jẹun. Ẹja mẹ́rìnlá la kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: goldfish mẹ́rin àti gọ́pì kéékèèké mẹ́wàá, ẹja tí à ń sìn fún wíwò ni méjèèjì. Ẹni tó tà wọ́n fún wa ní kò sí iye tí a ò lè kó síbẹ̀, ká ṣáà ti máa tan pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi náà funfun bí omidùn. Àwọn ẹja kóra jọ sójú omi, wọ́n ń ya ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo da gbogbo omi nù, mo fi omi gbígbóná fọ fóòmù inú pọ́ǹpù títí ó fi dà bí tuntun. Méjì kú ní ọjọ́ kejì. Mo tún fọ ọ́. Mẹ́ta tún kú. Bí mo ṣe ń fọ̀ ni wọ́n ń kú, títí ó fi ku méje. Abẹ́ ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ni Ìbùkún ń sin wọ́n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ewé lórí. Ọjọ́ kan ló bi mí bóyá ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń lọ. Àdùkẹ́, ńṣe ni mo wọlé lọ sunkún.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń sin ẹja àrọ̀ ló yọ wá. Wọ́n wo omi náà, wọ́n ní, "Ìyá Ìbùkún, ibo ni ẹ fẹ́ kí àwọn ẹja wọ̀nyí máa yàgbẹ́ sí?" Wọ́n ṣàlàyé pé láti ara ìgbẹ́ ẹja àti láti ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni ohun tí wọ́n ń pè ní ammonia ti ń jáde. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ó ń jó wọn níbi tí wọ́n fi ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń gbé inú fóòmù àti iyanrìn. Wọ́n á sọ ammonia náà di nitrite, tí òun náà burú, àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń dà nù bí a bá pààrọ̀ omi. Ó ń gba àwọn kòkòrò náà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Àwọn gan-an ni mo ń fi omi gbígbóná pa!

Mo ní, àrọ̀ yín ńkọ́, ṣebí wọ́n fún pọ̀ bí ẹ̀wà nínú ìkòkò? Wọ́n ní àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, kí n má fi tiwọn wo ti gọ́pì. Ó wọ̀ mí lára, nítorí bí gbogbo wa níbí ṣe ń wo ẹja nìyẹn.

Wọ́n ní kí n wọn omi náà. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 ni mo lò, ọmọ rẹ ń kà á sókè. Mẹ́jọ péré ló gbà. Lítà 32! Gíláàsì yẹn ń tan ojú jẹ. Wọ́n ní kí n ya lítà méjì sọ́tọ̀ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lára ẹja, bí ẹja náà yóò ṣe gùn tó bó bá dàgbà, kì í ṣe bó ṣe wà lọ́jà. Akọ gọ́pì kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Goldfish ní tirẹ̀ lè ju 20 lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, kò yẹ kó wọ ilé wa rárá. Ojú omi náà tún ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, táǹkì tó fẹjú sàn ju èyí tó ga gogoro lọ. Bàbá náà gba goldfish méjèèjì tó kù sínú odò oníkọnkéré wọn. Gọ́pì márùn-ún ló kù fún wa, akọ ni gbogbo wọn, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí abo kan lè bí ju ogún lọ lẹ́ẹ̀kan, á sì tún bí lóṣù tó ń bọ̀.

Oṣù kẹrin rèé, ìkankan ò kú. Lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, inú omi tí mo bù jáde ni mo sì ti ń fún fóòmù náà. Kò séwu, àfi bí wọ́n bá mú iná lọ lóru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní aago méjì òru, mo jí bá ọmọ rẹ lórí àpótí, tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ife bu omi táǹkì, ó ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣe é títí iná fi dé. Ẹja márùn-ún la lè gbà là báyẹn. Bó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá wọn.

Mo bi í lóru náà ìdí tó fi fẹ́ ogún. Ó ní bí wọ́n bá pọ̀, tí díẹ̀ bá kú, èyí tó kù ò ní dá nìkan wà.

Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé pípọ̀ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Mo ti gbìyànjú, ńṣe ló ń wò mí bí ẹni tó ń ṣahun. Tìrẹ ló máa gbọ́. O rántí ọ̀rọ̀ ehoro wa tí àwa náà kó pọ̀ jù, o mọ bó ṣe parí, o sì mọ ẹni tó sunkún jù nínú àwa méjèèjì. Sọ ìyẹn fún un. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé èmi ni mo gba ẹ̀bùn rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́: pè é fúnra rẹ. Bí o bá ṣì fẹ́ ṣe nǹkan fún un, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ni kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì, kí a lè sùn lóru.

Ọjọ́ Àìkú dára, lẹ́yìn aago márùn-ún. Ìgbà yẹn ló máa ń fún wọn lóúnjẹ, á lè gbé fóònù sí gíláàsì kí o rí wọn.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ.